Kí Ẹ Tó Ra Alùpùpù Oníbátìrì, Ẹ Bèèrè Ibi Tó Ti Ń Jẹun

  

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gun zémidjan ní Kútọnu wá bá mi ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní òun ti tọ́jú owó díẹ̀, òun fẹ́ ra alùpùpù oníbátìrì, kí n bá òun wo èyí tó dára. Mo ní kó jókòó, kó mu omi, kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan fún un. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo rí i pé àwọn tó ń ra nǹkan yìí ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, àmọ́ àwọn tó mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè kí wọ́n tó sanwó kò pọ̀.

Gbogbo wa tí a ní ẹbí ní òdìkejì ẹnubodè la mọ wàhálà ojú iná. Bí mo bá lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìmẹ̀kọ, ṣájà fóònù mi kì í wọ ara ògiri wọn. Tiwa ní ẹsẹ̀ méjì roboto, bí àwọn Faransé ṣe fi sílẹ̀ fún wa. Tiwọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi sílẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n wàhálà náà kì í pẹ́. Adápútà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ ní ọjà, ti tó. Ìdí ni pé iná inú ògiri méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: 220 fóòtì níhìn-ín, 230 tàbí 240 lọ́hùn-ún. Ẹnu ló yàtọ̀, oúnjẹ kò yàtọ̀. Bí àwa fúnra wa náà ni. Ìwé yàtọ̀, ọlọ́pàá yàtọ̀, èdè ìjọba yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti kí ara wa tán, a mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá.

Nítorí náà, láti kékeré ni mo ti gbà pé bí ẹnu ṣájà bá ti wọ ojú iná, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí mo gbà gbọ́ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ilé mi.

Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo mọ́. Kò pẹ́ rárá tí owó kpayo fi fò sókè lọ́dọ̀ wa níbí. Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni kò sún mọ́ ilé mi, alùpùpù ni mo sì fi ń lọ, tí mo fi ń bọ̀. Nígbà tó di pé epo ń jẹ owó oúnjẹ àwọn ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin kan ní Kútọnu fẹ́ ta alùpùpù oníbátìrì tó ti lò díẹ̀. Mo lọ wò ó, mo gùn ún yí àdúgbò ká, ó wù mí. Ó fún mi ní ṣájà rẹ̀. N kò bèèrè ìbéèrè kan tó kọjá iye owó àti bó ṣe ń sáré sí.

Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ dùn. Alaalẹ́ ni mo ń kì í bọ iná, àárọ̀ ni mo ń gùn ún lọ. Kò rú èéfín, kò pariwo. Mo ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ṣì ń ra kpayo nínú ìgò.

Nígbà tó yá, ṣájà kú. Mo ní kò burú. Mo ti rí àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì fún àwọn onízémidjan: ẹni náà á dé, á yọ bátìrì tó ti rẹ̀, wọn á fún un ní èyí tó kún, ní ìṣẹ́jú mélòó kan ó ti lọ. Mo gbé bátìrì mi sínú táksí, ó di Àjàṣẹ́. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò ó, ó mi orí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bátìrì yìí kì í ṣe tiwa.”

Mo ní, “Ṣebí iná ni gbogbo rẹ̀? Ẹ gba owó yín, kí ẹ fún mi ní tiyín.”

Ó fi sùúrù ṣàlàyé. Tiwọn kò lè wọ inú alùpùpù mi, àpótí rẹ̀ fẹ̀ ju àyè tó wà níbẹ̀ lọ. Bó bá tiẹ̀ wọ̀, ihò ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ihò bá tiẹ̀ bára mu, ẹ̀rọ wọn máa ń kọ́kọ́ ka nọ́ńbà tó wà nínú bátìrì àti orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì. Èyí tí kò bá mọ̀, kò ní ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo bínú. Mo ní irú òwò wo nìyí? Kpayo kì í bèèrè orúkọ alùpùpù kó tó wọ inú táńkì! Mo gbé ẹrù mi padà sílé.

Ní ilé, ẹnì kan tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe bá mi wá ṣájà mìíràn. Mo wò ó: nọ́ńbà 72 fóòtì ló wà lára rẹ̀, 72 náà ló wà lára bátìrì mi. A fi ẹnu rẹ̀ wò ó, ó wọ̀ ṣinṣin. Iná kékeré ara rẹ̀ pọ́n. Mo sanwó, mo dúpẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta ni. Ooru mú, àwọn ọmọ tẹ́ ẹní sí pálọ̀, bátìrì náà wà ní igun pálọ̀ kan náà, ó ń gba iná. Ìyàwó mi ló jí mi. Ó ní òun ń gbọ́ òórùn kan, bí ìgbà tí ike bá ń jó. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ìdí àpótí bátìrì ti wú, ooru ara rẹ̀ sì ń bá mi láti ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì. Mo yọ ṣájà lára ògiri. Ìyàwó mi ń fa àwọn ọmọ jáde ní ọwọ́, wọ́n ń sunkún nítorí oorun. Mo fi aṣọ di ọwọ́, mo wọ́ àpótí náà lọ sí àárín àgbàlá. Ó rú èéfín níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kò gbiná. Oore Ọlọ́run ni.

Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè ṣe bẹ́ẹ̀ o. Bí ẹ bá rí bátìrì tó wú tàbí tó ń rú èéfín, èèyàn ni kí ẹ kó jáde. Ẹ fi bátìrì sílẹ̀. Owó tí mo fi rà á ló ṣì wà lójú mi lóru ọjọ́ náà, ìyẹn ni mo fi fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé òkú bátìrì lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Kútọnu tó kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ó tú u, ó sì fi hàn mí. Bátìrì mi jẹ́ lítíọ́mù. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ bátìrì kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn ní ìpele 20. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá 4.2 fóòtì nígbà tó bá kún. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20, ó di 84. Nígbà tí bátìrì tí wọ́n kọ 72 sí lára bá yó pátápátá, 84 ló yẹ kó wà, ibẹ̀ sì ni ṣájà gbọ́dọ̀ dúró.

Ṣájà tí mo rà ńkọ́? Òun náà jẹ́ 72 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti bátìrì olójé ni, irú ti ọkọ̀ tí a ti mọ̀ látijọ́, mẹ́fà tó jẹ́ 12 fóòtì tí wọ́n so pọ̀. Àwọn yẹn lè gba nǹkan bíi 88 kí wọ́n tó kún. Nítorí náà, nígbà tí bátìrì mi ti yó ní 84, ṣájà náà ṣì ń rọ oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Mo bi í pé, ṣé kò sí ohun tó máa ń dá a dúró ni? Ó ní ó wà. Pátákó kékeré kan wà nínú bátìrì lítíọ́mù tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́: bí iná bá pọ̀ jù, bó bá gbóná jù, á já a. Ẹnì kan ti tún bátìrì yìí ṣe rí kó tó dé ọwọ́ mi, ó sì ti so wáyà kọjá ara ẹ̀ṣọ́ náà kó má baà máa dá alùpùpù dúró. Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ wọ́n ti dè é lọ́wọ́.

Ojú tì mí. Láti bí ọdún mélòó ni mo ti ń kọ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ tension lójú pátákó? Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi, Faransé náà ni mo fi ń kọ́ wọn, mo ti fi í sílẹ̀ sínú ìwé. N kò fi èdè ilé mi bi ara mi léèrè rí pé: iná yìí, báwo ló ṣe ń tì tó? Níbo ló ti ń dúró?

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kà, tí mo sì ń bi àwọn tó mọ̀. Ohun tó yé mi kò ju mẹ́ta lọ, mo sì pè é ní ẹnu, oúnjẹ àti èdè.

Ẹnu ni ihò àti ẹsẹ̀ ṣájà. Oúnjẹ ni irú iná, bó ṣe ń tì tó, àti bó ṣe pọ̀ tó. Èdè ni ọ̀rọ̀ tí bátìrì àti ẹ̀rọ ń bá ara wọn sọ kí iná tó ṣàn. Ní Ìmẹ̀kọ, ẹnu nìkan ló yàtọ̀, adápútà sì yanjú rẹ̀. Ní pálọ̀ mi, ẹnu bára mu, oúnjẹ ni kò bára mu. Ní Àjàṣẹ́, ẹnu kò bára mu, èdè náà kò bára mu, ọmọkùnrin tó sì lé mi padà níbẹ̀ ṣe mí ní oore ju ẹni tó bá mi wá ṣájà lọ.

Ẹni tó bá rò pé alùpùpù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, kó wo èbúté Kútọnu. Ọkọ̀ àlòkù láti gbogbo ayé ló ń gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ọkọ̀ oníbátìrì náà ti wà nínú wọn, wọ́n sì gbé ẹnu ìlú wọn dání. Èyí tó ti Yúróòpù wá sábà máa ń ní ẹnu tí wọ́n ń pè ní Type 2, tó ní ihò méje. Fún iná tó yára, wọ́n fi ihò ńlá méjì kún un nísàlẹ̀, ó di CCS2. Nissan Leaf àtijọ́ ń lo CHAdeMO, ti àwọn ará Japan. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Ṣáínà fúnra wọn ń lo GB/T, tó ní ẹnu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan fún iná jẹ́jẹ́, ọ̀kan fún iná tó yára. Èyí tó jẹ́ ti iná jẹ́jẹ́ jọ Type 2 lójú, àmọ́ kò wọ̀ ọ́. Amẹ́ríkà ní Type 1 àti CCS1. Tesla ní tirẹ̀ níbẹ̀, tó fi lọ àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, tí Ford àti General Motors sì gbà láti lò ní 2023.

Nípa oúnjẹ, iná ara ògiri ń lọ, ó ń bọ̀. Iná inú bátìrì ń lọ ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ṣájà sínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀, láti yí ti ògiri padà sí ti bátìrì. Bí ibùdó kan bá lè fúnni ní 22 kílówáàtì irú iná ti ògiri, tí ṣájà inú ọkọ̀ yín kò sì lè gbà ju 7 lọ, 7 náà ni ẹ máa gbà. Ẹ lè máa bínú sí ibùdó, ọkọ̀ yín ni ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kéré. Ibùdó tó yára gan-an kì í gba inú ṣájà yẹn kọjá: ó ti yí iná padà kó tó fi ránṣẹ́, tààrà sínú bátìrì. Níbẹ̀ ni èdè ti ṣe pàtàkì jù. Ọkọ̀ á sọ fún ẹ̀rọ pé, báyìí ni mo ṣe lè gbà, ibí ni kí o dúró. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn, iná kò ní ṣàn rárá. Èdè CHAdeMO kì í ṣe èdè CCS, ìdí nìyẹn tí adápútà olówó pọ́ọ́kú tó kàn ń so ihò mọ́ ihò kò fi lè yanjú rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Ìdàrúdàpọ̀ yìí ṣeé tò. Ní 2014, àwọn ìjọba Yúróòpù pàṣẹ pé Type 2 àti CCS2 gbọ́dọ̀ wà ní àwọn ibùdó tí gbogbo ayé ń lò. Ní ti fóònù, láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ti gbọ́dọ̀ máa lo ẹnu kan náà, USB-C. Ní Taiwan, ibùdó ìpààrọ̀ bátìrì Gogoro gba alùpùpù Yamaha náà láàyè, láti 2019. Ní 2021, Honda, Yamaha, Piaggio àti KTM dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí bátìrì tí wọ́n ń pààrọ̀ lè bá ara mu. Bí àwọn tó ń bá ara wọn du ọjà bá lè jókòó sórí tábìlì kan, kí ló dé tí a kò fi lè bèèrè irú rẹ̀ ní Kútọnu àti ní Lomé?

Mo mọ ohun tí àwọn tó ní ibùdó máa sọ, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ló ni bátìrì, kì í ṣe ẹni tó ń gùn ún. Bí wọ́n bá gba bátìrì tí ẹnì kan ti fi wáyà bà jẹ́, bíi tèmi, kí wọ́n sì fún ọmọ ẹlòmíràn gbé lọ sílé, ta ni yóò dáhùn fún un? Ó yé mi báyìí. Àmọ́ ẹni tó bá ra alùpùpù tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè bọ́ ọ, ó ti so okùn mọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fi owó kún un, á san. Bí wọn kò bá ní ibùdó ní Kétu, kò lè dé Kétu. Bí wọ́n bá kógbá wọlé lọ́la, irin lásán ló kù sí i lọ́wọ́. Ó yẹ kí èèyàn mọ èyí kó tó fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìjọba ló sì yẹ kó fi òfin sí i, kí ibùdó tí wọ́n ń kọ́ lónìí má baà di ohun tí a máa wó lọ́la.

Títí di ìgbà náà, abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwọn ìbéèrè tí mo kọ sórí ìwé fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ lè dà á kọ:

Níbo ni yóò ti máa gba iná: ilé mi, àbí ibùdó? Bó bá jẹ́ ibùdó, mélòó ló wà ní ọ̀nà tí mo ń gbà lójoojúmọ́?

Ta ni ó ni bátìrì, èmi àbí wọn?

Irú bátìrì wo ni, olójé àbí lítíọ́mù? Fóòtì mélòó ni ṣájà ti gbọ́dọ̀ dúró? Kì í ṣe 60 tàbí 72 tí wọ́n kọ síta nìkan o, iye tó wà nígbà tó bá kún.

Bí ṣájà bá bàjẹ́, níbo ni mo ti lè rí irú rẹ̀ gan-an, èló sì ni?

Ṣé ẹnikẹ́ni ti tú bátìrì náà rí? Bó bá ti tú u, ṣé ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́?

Ọmọ náà ka ìwé yìí tán, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò mọ̀ pé rírà alùpùpù le tó gbígbé ìyàwó. Mo ní ó le jù ú lọ, ìyàwó á sọ fún ọ bí ebi bá ń pa á.

Ó padà sí Kútọnu, ó lọ bá ẹni tó ń tà á, ó ka ìbéèrè náà fún un. Méjì péré ni ọkùnrin náà lè dáhùn. Ọmọ náà kò rà á. Ó ti pinnu láti lọ bá àwọn tó ń pààrọ̀ bátìrì, nítorí pé inú Kútọnu ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibùdó wọn kò sì jìnnà sí ara wọn níbẹ̀. Ó mọ okùn tí òun ń so mọ́ra, ó sì ti ṣírò rẹ̀. Fún èmi tó wà ní Kétu, ìyẹn kò lè bá mi lára mu. Mo ti ra bátìrì mìíràn báyìí, pẹ̀lú ṣájà tirẹ̀, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pé. Ìta, lábẹ́ òrùlé ilé ìdáná àtijọ́, ni mo ti ń kì í bọ iná ní ọ̀sán nígbà tí mo bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́. Kì í wọ pálọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tó ti ń lò ó ní Tógò tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ojú yín rí fún wa. Ẹnì kan á rí i kà kó tó sanwó. Ọlọ́run á ṣọ́ ilé wa o.